Ìpẹtà nìkan kọ́ ló ń jẹ irin

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá “awọ apẹtà” fún biofilm, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ẹ ní bakitéríà ló ń fi awọ bo irin, tí irin sì ń dípẹtà lábẹ́ rẹ̀. Àlàyé yín yé mi, orúkọ náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Awọ ṣeé bó. Ohun tí bakitéríà ń pọ̀ sára irin ń yọ̀, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, inú rẹ̀ làwọn fúnra wọn ń gbé. “Ikun bakitéríà” ni kí a pè é. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má kà á sí ikùn, kó fi àmì sí i.

“Apẹtà” gan-an nìjà mi. Ìpẹtà tí a mọ̀ pupa, omi àti ọ́síjìn ló ń fà á. Ẹ wá wo òpó irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ ní èbúté, níbi tí omi òkun ń fà dé. Ẹ lè bá àbàwọ́n aláwọ̀ ọsàn níbẹ̀. Ẹ ha á, ẹ ó kan nǹkan dúdú kíki. Tí ẹ bá kán ásíìdì sí i, á rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ nu dúdú yẹn kúrò, irin á máa dán gbinrin, pẹ̀lú ihò lára. Bakitéríà tó wà lókè ti lo ọ́síjìn tán. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, irú Desulfovibrio, sọ́lféètì inú omi ni wọ́n fi ń mí, súlfáídì tí wọ́n ń tú jáde ló ń bá irin ṣe dúdú náà. Láti 1934 ni onímọ̀ méjì, von Wolzogen Kühr àti van der Vlugt, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní Netherlands, lórí páìpù tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé.

Fún corrosion, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tí irin fi ń jẹ dànù, “ìjẹrin” ni tèmi, kí ìpẹtà jẹ́ ẹ̀yà kan nínú rẹ̀. Àbúrò kan ní bakitéríà kò léyín. Ṣé eyín la fi ń jẹ gbèsè ni? Ásíìdì ń jẹ aṣọ, ta ló béèrè ẹnu rẹ̀?

Ẹ má sì jẹ́ ká so méjèèjì pọ̀ di “ikun ajẹrin”. Ikun mìíràn wà tó ń dín ìjẹrin kù, torí bakitéríà inú rẹ̀ ń lo ọ́síjìn kó tó dé ara irin. Ibi tí ikun bá ti bo apá kan tó ṣí apá kan sílẹ̀ ni wàhálà máa ń pọ̀.

Ó wá ku pitting, ihò tó lè há lẹ́nu kó sì fẹ̀ nínú. Ẹ̀yin wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ àárín wa, kí lẹ ń pè é níbi iṣẹ́?