Ọmọ oṣù 20 láti Adó-Èkìtì dé Èkó: kí la máa ṣe nípa ìjókòó, oúnjẹ àti èébì?

Ìyá_Àdùkẹ́ (Adó)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ wakọ̀ lọ sí Èkó. A máa gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n bọ́ sí Iléṣà, ká tó kọjá sí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ọmọ wa ti já lẹ́nu ọmú, ó sì ń jẹ ohun tí a bá ń jẹ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ibi tó máa jókòó sí, oúnjẹ tí kò ní bàjẹ́, àti èébì, torí kọ́nà ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn pọ̀. Ẹnì kan ní kí n fún un ní oògùn ikọ́ kó lè sùn dé ọ̀hún. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́
Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n ti ibi oògùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un rárá. Promethazine wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan tó ń múni sùn, ó sì lè mú kí èémí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lọ sílẹ̀ tàbí kó dá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú máa rò pé oorun ló ń sùn.

Ní ti èébì, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 kì í sábà bì nítorí ìrìn ọkọ̀. Láti ọdún 2 sí 12 ló wọ́pọ̀ jù. Ohun tó ń fà á ni pé inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí, nígbà tí ojú tó ń wo fóònù ń sọ pé ojú kan la wà. Torí náà, láti Arámọkọ títí ẹ ó fi dé Iléṣà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí awakọ̀ sì rọra wọ kọ́nà. Tí etí bá ń dí i níbi òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ fún un ní omi mu. Gbígbé e mì ló ń ṣí etí.

Bí ó bá bì, ẹ má dà omi púpọ̀ sí i lẹ́nu, yóò tún bì í ni. Ẹ fi ṣíbí tíì fún un ní ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi), ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: bó bá jẹ́ ti lítà 1, píọ́wọ́tà 50cl méjì gan-an lẹ ó fi pò ó. Bí omi bá dín, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ. Tó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Oúnjẹ: búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin bíbọ̀ tí wọn ò tíì bó. Tẹ́ ẹ bá máa gbé ògì, ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú fúláàsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tó bu ògì gbígbóná sí i. Èyí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ife ju wákàtí 2 lọ, ẹ má fún un mọ́. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín sílẹ̀, kíá ló ń kan nínú ooru. Ẹ̀pà àti gúgúrú kò sí fún ọmọ yìí, wọ́n lè há a lọ́nà ọ̀fun nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Dòdò Ìkirè ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kó rà á fún ara rẹ̀. Ata àti epo inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ikùn ọmọ.

Mẹkáníìkì_Ìjerò
Síìtì ọmọ lẹ máa lò, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ sì máa so ó mọ́. Orí itan ò ṣeé gbé e sí. Tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì, kò sí apá tó lè di ọmọ kílò 11 mú. Ní oṣù 20, ẹ jẹ́ kó ṣì máa kọjú sẹ́yìn bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára síìtì bá gbà á, torí orí ọmọ wúwo, ọrùn rẹ̀ ò sì tíì le. Bó bá ká ẹsẹ̀, ìyẹn ò pa á lára. Síìtì tó kọjú sẹ́yìn ò gbọdọ̀ wà níwájú airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ).

Bàbá_Ìbejì_Ìkọ̀lé
Fún ẹni tó máa wọ ọkọ̀ páàkì: ẹ sanwó síìtì ọmọ lọ́tọ̀. Ẹ má fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo di ìyá àtọmọ pọ̀, ìwọ̀n ìyá ló máa fún ọmọ pa bí ọkọ̀ bá forí sọ. Kẹ́ ẹ má sì pọ̀n ọ́n jókòó. Àpò pámpásì, omi àti aṣọ ìpààrọ̀ kò gbọdọ̀ lọ sínú búùtù, abẹ́ ẹsẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ̀ kí ọkọ̀ tó kún.

Ìyá_Àdùkẹ́ (Adó)
Ẹ ṣé gan-an ni. Síìtì tí wọ́n fẹ́ tà fún wa, tọ́kùnbọ̀ ni. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó dáa?

Mẹkáníìkì_Ìjerò
Ẹ yí i dojú dé. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é tàbí ọjọ́ tí kò ní dáa mọ́ máa ń wà lábẹ́ ike yẹn. Bí wọ́n bá ti họ ọ́ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ wo ike bóyá ó ti sán, pàápàá níbi tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Síìtì tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tó forí sọ, kò ṣeé lò mọ́ bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ ń dán. Okùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ já tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ rán an.

Bẹ́ ẹ bá ti so ó, ẹ di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá rìn ju ínṣì 1 lọ, ẹ tú u, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fà. Okùn èjìká máa jáde láti ibi tó bá èjìká ọmọ dọ́gba tàbí tó relẹ̀ díẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ló kọjú sí. Bí ìka yín bá ṣì lè fún okùn náà ká léjìká, ó ti dẹ̀ jù. Aṣọ òtútù tó nípọn kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òjò òwúrọ̀ Adó lè fẹ́ tàn yín, àmọ́ orí okùn ni kẹ́ ẹ ti da aṣọ bò ó.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ máa gbé e kúrò nínú síìtì yẹn ní wákàtí méjì méjì, nínú ilé epo tó ní ògiri, kì í ṣe létí títì. Bí wọ́n bá ń ra epo, kí ẹnì kan dúró ti ọmọ. Ìṣẹ́jú 10 nínú oòrùn ti tó kí inú ọkọ̀ fi nǹkan bíi digíríì 10 gbóná sí i. Ẹ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì kẹ́ ẹ tó dá a padà sí i. Nọ́ńbà FRSC (àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà) fún pàjáwìrì ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi sórí fóònù ẹni tí kò wakọ̀.