Fọ́tò òde: kí lẹ ń ṣe tí ọ̀yàyà yín fi ń dé alẹ́?

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fọ́tò òde ni mò ń yà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé mi dé Èkó, Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Láàárọ̀, ara mi máa ń yá gágá. Tó bá fi máa di aago 3 ọ̀sán, ojú ti le, ohùn ti le, ó sì máa ń hàn nínú àwòrán: àwọn èèyàn á kàn dúró gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Kí lẹ máa ń ṣe gan-an tí ọ̀yàyà yín kì í fi í tán ṣáájú òde? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè dì mú ni kí ẹ sọ fún mi, kì í ṣe "ṣáà máa rẹ́rìn-ín".

Bàbá Fíláàṣì

Àbúrò, ojú kì í ṣàdédé le. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó le. Bí kì í bá ṣe ebi, bátìrì ni. Bí kì í bá ṣe bátìrì, owó tí wọn kò tíì san tán ni.

Owó ni ká kọ́kọ́ mú. Gba ìdá 70 nínú 100 kí o tó kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀, kí ìyókù wọlé, ó pẹ́ tán, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìnáwó náà. Kọ owó ọkọ̀ àti owó ibi tí wàá sùn lọ́tọ̀ nínú àdéhùn. Tí o bá kó wọn pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, ọjọ́ tí epo bá gbówó lórí, inú èrè rẹ ni wàá ti yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lọ́jọ́ òde, olówó lojú rẹ̀ máa ń wá kiri láàárín èrò, kò ní rí ọmọ kékeré tó ń jó lẹ́yìn ìyá àgbà.

Bátìrì ńkọ́? Fíláàṣì kan ń gba kéékèèké 4. Ra èyí tó ṣeé chájì, kí o ní 12 fún fíláàṣì kọ̀ọ̀kan, kí o fi rọ́bà dì wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí tí o bá ti lò, dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú àpò, kí o má bàa tún un kì bọ̀ ọ́. Bátìrì àlòsọnù máa ń falẹ̀ bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́: o tẹ kámẹ́rà, fíláàṣì kò tíì kún, àwòrán jáde ní dúdú, o fẹ́ tún un tẹ̀, ìyàwó ti jó kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti ń bí èèyàn. Má sì ṣe lo fíláàṣì ní agbára kíkún ṣáá, torí á gbóná, á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀ kó má bàa jó. Gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) sí 1600, kí o dín fíláàṣì kù sí 1/8 tàbí 1/16 agbára rẹ̀. Á máa tètè kún, bátìrì á sì pẹ́.

Jẹun kí o tó kúrò níbi tí o sùn, ṣùgbọ́n kó má ṣe iyán, torí wàá lóṣòó, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá gun àga. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ti tó. Omi lítà 1 ààbọ̀, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó wà nínú àpò. Oúnjẹ òde kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwa òṣìṣẹ́, nígbà míì kì í dé rárá. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnì kan nínú ẹbí á gbé oúnjẹ fún ìwọ àti ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ nígbà tí àlejò náà bá ń jẹun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ya òun pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, nítorí náà o kò pàdánù nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 15 nìyẹn: jókòó, bọ́ bàtà, má fọwọ́ kan kámẹ́rà.

Ìrìn àjò náà wà níbẹ̀. Má ṣe gbéra láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ tí òde Èkó bá wà, ọjọ́ Ẹtì ni kí o ti lọ sùn síbẹ̀. Ìwọ tí o sún mọ́ Mọ́níyà, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Èbúté Mẹ́ta máa ń gbà tó wákàtí 2 ààbọ̀, kò sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Orí itan rẹ ni kí àpò kámẹ́rà wà.

Ìyá Lẹ́ńsì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ti ẹnu ni màá fi kún un, torí inú ìkíni ni ọ̀yàyà ayàwòrán wà ju inú ẹ̀rín lọ.

Tí o bá dé òde, má tíì yọ kámẹ́rà. Fi ìṣẹ́jú 10 kí àwọn àgbà láti tábìlì dé tábìlì: "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ ó ṣe èyí tó jù báyìí lọ." Dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ Kàbà tàbí Mọ́pà ni, "Òkun o" ni kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ. Nígbà tí àkókò fọ́tò ẹbí bá tó, o kì í ṣe àlejò mọ́, o kò sì ní láti máa lọgun.

Fọ́tò ẹbí ló ń jẹ ohùn àti sùúrù jù. Gba ìwé orúkọ ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kó má ju 12 lọ. Ìṣẹ́jú 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú 36. Kí ẹnì kan láti ẹbí kọ̀ọ̀kan máa bá ọ pe èèyàn. Má yan ọkọ tàbí ìyàwó, wọn ò ráyè. Àbúrò ìyá tó mọ gbogbo ilé ló dáa jù. Àwọn arúgbó ni kó ṣáájú, ọ̀rẹ́ ló kẹ́yìn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti dúró, kí alága ìdúró ti máa kéde èyí tó kàn.

Wàyí o, ìtò. Gèlè gíga níwájú ń bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀yìn ni onígèlè gíga ń dúró sí, tàbí kí ó dúró sáàárín èjìká àwọn méjì tó wà níwájú. Jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ká apá agbádá sórí èjìká kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ihò lẹ́ńsì, f/5.6 sí f/8 ni fún ìlà méjì tàbí mẹ́ta; ní f/1.8, tí ihò náà ṣí gbayawu, ojú àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní hàn kedere. Ní kí gbogbo wọn dijú, kí wọ́n là á nígbà tí o bá ka 3, kí o ya 5 tẹ̀léra. Mú tíṣù dání fún òógùn iwájú orí, torí fíláàṣì máa ń mú un dán.

Àgbà tí ojú rẹ̀ bá le, má wá àwàdà. Béèrè oríkì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí o fi pè é: Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àkànbí. Ẹ̀rín tó máa yọ lójú rẹ̀, àwàdà kankan kò lè mú un wá. Má sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó sanra, nípa oyún, tàbí kí o bi ẹ̀gbọ́n ìyàwó pé ìgbà wo ni tirẹ̀. Ó lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti bá ọ ṣọ̀tá di alẹ́.

Adé Ìjẹ̀bú

Mo fara mọ́ ti ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n kó má lọ gbé ojú kan náà kiri gbogbo òde o. Kó tó gba iṣẹ́ ìsìnkú, kó béèrè ọjọ́ orí olóògbé, àti bóyá òbí rẹ̀ ṣì wà láyé. Òkú àgbà, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni, ijó á sì wà lọ́sàn-án. Òkú ọ̀fọ̀, kò sí àríyá níbẹ̀. Ìtẹríba ni ọ̀yàyà tiẹ̀. Ní ibi ìsìn àti ẹ̀gbẹ́ sàréè, ẹ pa fíláàṣì, ẹ lo lẹ́ńsì 85mm láti ọ̀nà jíjìn, ẹ pa ohùn kámẹ́rà bó bá ṣeé ṣe. Nínú Nikah, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ ya ìhà àwọn obìnrin kí ẹ tó kọjú kámẹ́rà síbẹ̀.

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ ṣeun gidigidi. Ti oríkì yẹn wọ̀ mí lára. Ó ku ohun kan tó máa ń ba inú mi jẹ́: abẹ́ kánópì búlúù, ojú gbogbo èèyàn ń di búlúù, àti iná LED tó ń fi ìlà dúdú sí àwòrán nígbà tí wọ́n bá ń jó.

Bàbá Fíláàṣì

Má ṣe kọjú fíláàṣì sókè lábẹ́ kánópì aláwọ̀, àwọ̀ yẹn ló ń padà wá sójú wọn. Abẹ́ kánópì funfun nìkan ni ìyẹn ti dáa. Níbi tó bá jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, fi aṣọ funfun kékeré bo fíláàṣì, kí o kọjú rẹ̀ sí wọn tààrà, tàbí kí o mú wọn bọ́ sí etí kánópì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń wọlé, kí wọ́n kọjú síta.

Ti ìlà dúdú: iná wa ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, LED tí kò dáa sì ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá yára ju ìyẹn lọ, apá kan àwòrán á bọ́ sí àkókò tí iná wálẹ̀. Mú ìyára kámẹ́rà wá sí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá, bí ìlà bá ṣì wà, 1/50, kí o jẹ́ kí fíláàṣì dá ijó náà dúró fún ọ. Aago tí olórin bá ń dán makirofóònù wò ni kí o ti dán ìyẹn náà wò, kí èrò tó jókòó.