Bíńgò ń dédé gbéjà ko ajá ẹgbẹ́ rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bíńgò (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ajá mi ló gbé mi dé ìhín. Akọ ni Bíńgò, ọmọ ọdún 6. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, German Shepherd ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ ti ènìyàn, kò sí ajá tó tutù tó o: àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa fa etí rẹ̀, ṣe ló máa gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, bó bá ti rí ajá mìíràn, mi ò lè sọ ohun tó máa ṣe mọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. A lè kọjá lára ajá mẹ́ta tó sùn sídìí ìsọ̀ ẹlẹ́ran, kò ní wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ ajá aládùúgbò wa, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ń sáré ká àgbàlá, wá kí i lọ́jọ́ kan bó ṣe máa ń kí i. Bíńgò dúró gbagidi, ó pa ẹnu dé, ìrù rẹ̀ nà sókè. Kí n tó fa okùn, ó ti bù ú létí. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ìyá tó ń sun àgbàdo lẹ́nu géètì ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ dà lé wọn lórí kí wọ́n tó tú ká. Ó tún ti bu ajá míì jẹ lọ́nà ọjà.

Lándíọ́ọ̀dù ní kí n tà á. Mo mọ àwọn tó ń ra ajá ńlá ládùúgbò yìí, mo sì mọ̀ pé inú ìkòkò ló ń lọ. Mi ò ní tà á. Ẹlòmíràn ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, pé kí n máa nà án nígbàkígbà tó bá ti kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí?

Bàbá Ayọ̀ (Abẹ́òkúta)

Ìyá Bíńgò, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má nà án rárá. Ìkìlọ̀ ni kíkùn yẹn. Ajá tí wọ́n ń nà torí pé ó kùn á jáwọ́ nínú kíkùn, kò ní jáwọ́ nínú gígé jẹ. Ẹ má sì so ó mọ́ ṣéènì látàárọ̀ dalẹ́. Orí ìso ni ajá Boerboel àbúrò mi ti bàjẹ́: ajá èyíkéyìí tó bá kọjá lẹ́nu géètì ló fẹ́ fà ya. Bóyá kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé, Bàbá Ayọ̀. Títẹ̀ lọ́dàá wúlò bó bá jẹ́ pé tìtorí abo ni akọ ṣe ń bá akọ jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìjà ló ń parí, mi ò sì ní fi í bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ìyá Bíńgò, ajá tó ti dàgbà, tí kì í jà tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé yí ìwà padà, ara rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Etí lè máa dùn ún. Eyín lè ti jẹrà. Eégbọn lè ti kó àìsàn bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oríkèé ìbàdí sì máa ń yọ ìran German Shepherd lẹ́nu gan-an, ọmọ tó bá tara wọn jáde lè jogún rẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn: báwo ló ṣe ń dìde láàárọ̀? Ṣé ó ṣì ń gun àtẹ̀gùn? Àwọn ajá tó bù jẹ, ìhà wo ni wọ́n gbà wá bá a?

Ní báyìí ná, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń dé ajá lẹ́nu, irú èyí tó rí bí agbọ̀n, tó fi lè la ẹnu mí, tó fi lè mu omi. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti máa fi ẹran kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, kó má bàa kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún jà, ẹ má ki ọwọ́ bọ àárín wọn láé! Ajá tó wà lẹ́nu ìjà kì í mọ ọwọ́ olówó rẹ̀ yàtọ̀. Omi tí ìyá alágbàdo dà yẹn dára, pákó tí ẹ bá tì bọ àárín wọn náà dára.

Ìyá Bíńgò

Dókítà, ẹnu yà mí. Mo jókòó tì í láàárọ̀ òní. Ẹsẹ̀ iwájú ló fi fa ara rẹ̀ dìde, ó dúró díẹ̀, kó tó wá gbé ti ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ tẹ ìbàdí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò kùn. Ó kàn lá ètè, ó gbójú sápá kan, mo rí funfun ẹyin ojú rẹ̀. Mi ò bá má kà á sí nǹkan kan bí ẹ ò bá béèrè.

Ajá aládùúgbò wa, ẹ̀yìn ló gbà wá, torí ṣe ló máa ń fi àyà gbá a nídìí tó bá fẹ́ kí wọ́n jọ ṣeré. Èkejì tó bù jẹ lọ́nà ọjà, ẹ̀yìn náà ni. Àwọn ti ìdí ìsọ̀ ò tiẹ̀ dìde.

Ìyá Tóbi (Peckham, London)

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ti àwọn ajá tó ń dá rìn kiri ni kí n fi kún un: mo máa ń kó ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ajá sápò. Bí ajá kan bá ń sáré bọ̀ wá bá wa, mo máa dà á sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kó tó ṣa á jẹ tán, a ti kọjá.

Dókítà Ẹranko

Ìyẹn dára gan-an, Ìyá Tóbi.

Ìyá Bíńgò, ó jọ pé ìbàdí ló ń dùn ún, òun ni kò ṣe fẹ́ kí ajá gba ẹ̀yìn wá bá a. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n ya x-ray ìbàdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen tiyín o. Ibuprofen máa ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oògùn ara ríro ti ajá wà lọ́tọ̀. Bí ìrora náà bá rọlẹ̀, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: ẹ mú un dúró níbi tó jìnnà débi pé ó máa rí ajá míì tí ara rẹ̀ ò ní le. Bó bá ti rí i, ẹran. Bí ajá yẹn bá lọ, ẹran tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbà kẹ́ ẹ tó lè sún mọ́ ọn díẹ̀.

Ẹ mú káàdì àjẹsára dìgbòlugi rẹ̀ dání. Bí ti ọdún yìí ò bá tíì wọlé, kí wọ́n gún un. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ fún tiẹ̀ náà. Bí ajá èyíkéyìí bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má jẹ́ kó fò wọ ọkọ̀. Kí ẹnì kan gbá a mú lábẹ́ àyà, kí ẹnì kejì gbé e nídìí. Àwọn ajá máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, nítorí náà kó wà nínú ọkọ̀ títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀.