Ẹ gbà wá nímọ̀ràn o: ibo la lè gbé ní Melbourne?

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń jó mi lára. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa balẹ̀ sí Melbourne ní Ọsirélíà, ẹni tó ní òun máa gbà wá sílé sì pè lálẹ́ àná pé kò ní ṣeé ṣe mọ́. Àdúgbò wo ló dáa tówó ilé ò ní pa èèyàn? Ẹ ṣàánú mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tarneit: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Apá ìwọ̀-oòrùn ni kẹ́ ẹ wá: Tarneit, Truganina, Wyndham Vale. Ilé tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, àwa ọmọ Nàìjíríà náà ò sì kéré. Lọ́jọ́ tíṣẹ́ bá dá yín dúró, ẹ máa rẹ́ni bá yín mú ọmọ níléèwé.

Bọ̀dá Dandenong: Ẹ sòótọ́ fún wọn o. Tarneit tí kò ní ju ọkọ̀ ojú irin V/Line tó ń lọ sáwọn ìlú ìgbèríko lọ, téèyàn á dìde dúró nínú ẹ̀ títí dé ibùdókọ̀ Southern Cross láàárín ìlú? Bí wọn ò bá ní mọ́tò, ìyà ni. Dandenong tàbí Noble Park ni kí wọ́n wá. Ọjà ńlá wà nítòsí, kò sí ìran tí ẹ ò ní bá pàdé níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tarneit: Ọ̀gá mi, èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́ ò sunkún.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin mà, gbogbo oúnjẹ tẹ́ ẹ bá dì lẹ́rù, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì tí wọ́n ń fún èrò nínú bàálù. Ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí, irú, ẹ má fo ìkankan. Ẹni tó bá kọ ọ́, bó burú burú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá fi pa mọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn lé lórí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fojú ara yín rílé! Lọ́dún tá a dé, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí ilé kan ní Sunshine. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣètò ẹ̀ gbọ́ Yorùbá dénú. "Àǹtí mi" ló ń pè mí, á béèrè àlàáfíà ìbejì kó tó dárúkọ owó. A san 3,000 dọ́là, owó ilé oṣù kan pẹ̀lú bọ́ǹdì, ìyẹn owó ìdógò ilé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ máa wà nínú àpótí lẹ́tà. Oṣù kẹfà ni, aago méje àárọ̀, òtútù ń jáni jẹ. Mo tiwọ́ bọ àpótí yẹn títí dé ìgbúnwọ́, bébà ìpolówó ọjà nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ọkọ mi kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan, ará Vietnam, yọjú tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó wo ẹrù wa, ó wo àwọn ọmọ. Ilé tiẹ̀ ni, kò polówó ẹ̀ fẹ́nì kankan. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ẹkún ò sì jẹ́ kémi náà lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ó fà wá wọlé, ó se omi, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ìbejì. Fóònù "àbúrò" wa ò lọ mọ́. Owó yẹn ò padà dòní.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bundoora: Háà! Èmi náà pàdánù 400 dọ́là lórí yàrá kan bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Dandenong: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ọmọ Yorùbá dòwò pọ̀ níbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tarneit: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ta ló fún yín ní ibi tẹ́ ẹ sùn sí nígbà tẹ́ ẹ dé? Ṣé òyìnbó ni?

Bọ̀dá Dandenong: Ọ̀rọ̀ owó ni mò ń sọ, mi ò sọ pé a ò lójú àánú.

Ẹ̀gbọ́n Footscray: Ẹ jẹ́ ká ran obìnrin yìí lọ́wọ́. Ní Victoria, ìpínlẹ̀ tí Melbourne wà, bówó ilé ò bá ju 900 dọ́là lọ́sẹ̀, bọ́ǹdì ò gbọdọ̀ ju owó oṣù kan lọ. Kì í sì í gbé lọ́wọ́ onílé tàbí ajẹ́ǹtì. Ọ̀dọ̀ ìjọba, ní RTBA, ni wọ́n ń kó o sí, ẹ̀yin náà á sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san án sí àpò òun, ẹ sá. Ìyá Àkọ́bí, iṣẹ́ yín ńkọ́? Ọmọ mélòó? Ẹ ò sọ nǹkan kan fún wa.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ má bínú, ọkàn mi ò sí nílé ni. Ọmọ méjì, èyí àgbà pé ọdún 5. Clayton niṣẹ́ ọkọ mi wà. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọmọ àǹtí ọkọ mi kan wà ní Craigieburn, ó ní yàrá kan ṣófo. Ibẹ̀ la máa lọ.

Bọ̀dá Dandenong: Craigieburn sí Clayton kẹ̀? Láti àríwá bọ́ sí gúúsù ìlú! Nítòsí mi níbí ni Clayton wà o.

Ẹ̀gbọ́n Footscray: Ọkọ̀ ojú irin méjì lójoojúmọ́ nìyẹn, mà. Ẹ tún un rò.

Ìyá Àkọ́bí: A ti rò ó, sà. Mo mọ ojú ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ìyá Ìbejì: Ó yé mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀wù òtútù àwọn ọmọ, òkè pátápátá nínú àpò ni kẹ́ ẹ kó o sí, ìsàlẹ̀ ni tiwa wà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 ò sì gbọdọ̀ jókòó nínú mọ́tò láìsí àga ọmọdé. Mo ní méjì nílé. Ẹ fi àkókò tí bàálù yín máa dé Tullamarine ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, èmi àti ọkọ mi máa wá gbé yín.