Kí ló fà á tí fáìlì fi ń sanra lẹ́yìn tí XMODEM bá gbé e dé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mo so irú rẹ̀ kan mọ́ kọ̀ǹpútà mi tuntun, mo sì fi XMODEM, ìlànà àtijọ́ tí a fi ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, gba fáìlì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ báìtì 1,000 gẹ́lẹ́. Nígbà tí ó máa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di 1,024. Mo tú u wò, mo sì rí i pé 26 ni gbogbo báìtì 24 tí ó wà ní ìparí rẹ̀. Ṣé wáyà ni ó bà á jẹ́ ni, àbí èmi ni mo ṣì í lò?

Èsì kìíní
Wáyà yín kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ìdì báìtì 128 ni XMODEM máa ń di ẹrù sí, kò sì mọ àbọ̀ ìdì. Ìdì mẹ́jọ ni fáìlì yín gbà, ni ó bá fi 26 dí àyè tí ó ṣófo. CP/M, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni Ward Christensen ń lò nígbà tí ó kọ ọ́ ní 1977, CP/M náà sì ń ka fáìlì ní 128-128, ó sì ń fi 26 sàmì ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, nítorí náà àfikún yẹn kò ni ẹnikẹ́ni lára nígbà náà.

Olùgbà ni ó ń kọ́kọ́ ké sí ẹnì kejì, tí yóò máa fi NAK (àmì “n kò tíì rí i gbà dáadáa”) ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá títí ẹrù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nọ́ńbà ìdì ni ó ń ṣáájú, iye tí ó kù kí nọ́ńbà náà pé 255 á tẹ̀ lé e, àròpọ̀ àwọn báìtì á sì kẹ́yìn. Bí àròpọ̀ bá bára mu, olùgbà á dá ACK (àmì “mo ti rí i gbà”) padà. Bí kò bá bára mu, NAK ni, a ó sì tún ìdì yẹn fi ránṣẹ́.

Èsì kejì
Ibi àròpọ̀ yẹn gan-an ni ó ti máa ń jáni kulẹ̀. Bí ariwo orí ìlà bá sọ 65 di 69, tí ó sì sọ 70 di 66 níwájú díẹ̀, bíìtì kan péré ni ó yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ kò sì yẹ̀: olùgbà yóò fi tayọ̀tayọ̀ gba ẹrù tí ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi mú CRC oníbíìtì 16, ìṣirò àyẹ̀wò tí ó lágbára ju àròpọ̀ lọ, wọlé, tí olùgbà fi ń fi lẹ́tà C ké síni dípò NAK. Bí ètò yín bá fún yín láyè, CRC ni kí ẹ yàn.

Èsì kẹta
Ẹ kúkú lo YMODEM ti Chuck Forsberg, ìlànà tí ó jáde láti ara XMODEM, tí ń fi orúkọ àti ìwọ̀n fáìlì ránṣẹ́ ṣáájú nínú ìdì 0, kí olùgbà lè mọ ibi tí yóò gé e sí. Ìdúró ni ìṣòro tí ó kù: lórí módẹ́ẹ̀mù (ẹ̀rọ tí ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ìlà tẹlifóònù) oníbíìtì 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdì XMODEM kan ń gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ, ta ni yóò wá mọ̀ pé a dúró de ACK? Nígbà tí a dé 2,400, ìdúró náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àkókò, Forsberg sì ṣe ZMODEM ní 1986, tí kì í dúró lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí ó dé bí ìlà bá já. Ní ti Kermit, ìlànà mìíràn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Columbia ní 1981, tí wọ́n sì fi orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ orí tẹlifíṣọ̀n sọ, ó lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọjá níbi tí àwọn yòókù ti há, nítorí ó ń sọ báìtì àṣẹ di àmì tí a lè kà. 26 tiyín yẹn, #Z ni yóò kọ ọ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lo YMODEM: báìtì 1,000 ni ó wọlé, orúkọ fáìlì náà sì bá a wá láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́.