Èsì: "awò tútù" àbí "awò amútutù"?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ èdè o, láti Àjàṣẹ́.

Kétu dá "awò tútù" fún awò òfurufú (télískóòpù) tí a fi hílíọ̀mù, afẹ́fẹ́ tí òtútù ti sọ di omi, mú tutù kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀ "abẹ́-pupa" (infrarouge lédè Faransé) àti ìgbì "abẹ́-mìlímítà" (submillimétrique). Ṣábẹ̀ ní kí a pè é ní "awò amútutù". Mi ò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Girama wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ló kọ̀ wọ́n jù.

Ti girama yá láti sọ. Ẹran tútù ni ẹran tí a kò sè, aṣọ tútù ni èyí tí omi rin. Ọmọ tó bá ka "awò tútù" á rò pé ó bọ́ sómi. Ní ti "amútutù", ẹ rántí amúlétutù: òun ló ń mú ilé tutù. Awò amútutù á jẹ́ awò tó ń mú nǹkan mìíràn tutù. Ẹ gbé ohùn "a" wálẹ̀ kí ó di "àmútutù", ọ̀rọ̀ á tọ́, bí àkọsílẹ̀ ṣe jẹ́ ohun tí a kọ, tí akọ̀wé sì jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Àwa tí à ń fi ɛ, ɔ àti sh kọ èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀ a máa ń fo àmì ohùn nígbà púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń mú un tutù? Gbogbo ohun tó ní ooru lára, bó ti wù kó kéré mọ, ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Ohun tó wà ní 300 K, bí ara wa àti ògiri ilé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ le jù níbi tí ìgbì ti gùn tó máíkrómítà 10. (1,000 máíkrómítà ló wà nínú mìlímítà kan, K ni kelvin, òdiwọ̀n ìgbóná; 0 K fi díẹ̀ lé ní 273 wà nísàlẹ̀ òdo Celsius.) Eruku ibi tí ìràwọ̀ ti ń bí, tó wà ní 30 K, tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 100; èyí tó wà ní 10 K ti sún dé nǹkan bí 290. Ẹni tó fi awò gbígbóná wá irú eruku bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gbé àtùpà dání tó ń wá tanátaná. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀, tó ń gbé ìgbì wọ̀nyí mì. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ nìkan. Ọyẹ́ Ṣábẹ̀ pàápàá kò gbẹ tó. Lórí Chajnantor ní Ṣílè, tó ga tó mítà 5,000, ìgbì bíi máíkrómítà 350 àti 450 ń kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n ti 100 kò rọ́nà gbà. Ìdí nìyẹn tí awò fi ní láti jáde kúrò láyé.

Ẹ wá wo awò Herschel, tí àjọ òfurufú Yúróòpù fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbé láti Kourou ní 14 oṣù Karùn-ún 2009. Ibo gan-an ló tutù lára rẹ̀? Digí rẹ̀, tó fẹ̀ tó mítà 3.5, kò kan hílíọ̀mù rárá: ó wà lábẹ́ ìbòòji, ó ń tú ooru rẹ̀ sínú òkùnkùn, ó sì dúró ní nǹkan bí 85 K. Àwọn agbàmọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí digí kó jọ, ni hílíọ̀mù wà fún. Ó lé ní lítà 2,300 nínú àgbá, ní nǹkan bí 1.7 K. Hílíọ̀mù tó bá tutù ju 2.17 K lọ a máa ṣàn láìsí ìdádúró, a máa gba ihò tí omi mìíràn kò lè gbà. Ní òfurufú sì rèé, nǹkan kò wúwo, òkè àti ìsàlẹ̀ kò sí, omi inú àgbá lè bá èyí tó ti di afẹ́fẹ́ jáde. Wọ́n wá fi èdídí oníhò wínníwínní dí ẹnu rẹ̀: afẹ́fẹ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ẹnu ihò á tutù ju inú àgbá lọ, irú omi yìí sì máa ń sá síbi tó gbóná jù, ló fi dúró sínú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde yẹn ló ń gbé ooru lọ. Bí ó bá tán, ó tán: 29 oṣù Kẹrin 2013 ni àgbá Herschel gbẹ, àwọn agbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì fọ́jú.

Spitzer, awò òfurufú ti Amẹ́ríkà, ló wá já "tútù" kulẹ̀ pátápátá. Hílíọ̀mù rẹ̀ tán ní oṣù Karùn-ún 2009, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìgbì máíkrómítà 3.6 àti 4.5 títí di oṣù Kìíní 2020. Ṣé a ó gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí hílíọ̀mù tán ni? Webb, awò òfurufú mìíràn, kò tiẹ̀ gbé àgbá hílíọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìpele márùn-ún ló fi sá fún oòrùn. MIRI, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìwòran rẹ̀, nìkan ló ní ẹ̀rọ tó ń mú un lọ sísàlẹ̀ 7 K. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni kí a fún ní "amútutù" Ṣábẹ̀.

Ohun tí awò ń wò ni kí a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n "abẹ́" kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Nínú "abẹ́-pupa", iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá ló dín, gígùn rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Nínú "abẹ́-mìlímítà", gígùn ló dín. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apá tí méjèèjì ti ń bọ̀ kí wọ́n tó pàdé ní nǹkan bí máíkrómítà 300, abẹ́ kan náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá wọn sí. Mo dábàá "ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn-pupa" àti "ìgbì àìtó-mìlímítà". Awò náà á jẹ́ "awò òfurufú ẹ̀yìn-pupa". "Àmútutù" á tẹ̀lé e níbi tí hílíọ̀mù tàbí ẹ̀rọ bá wà.

*Láti Kétu:*

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀gbọ́n wa. A ti fi "tútù" sílẹ̀. Àmọ́ pupa wa fẹ̀ ju ti Faransé lọ: epo, ọsàn tó pọ́n, ènìyàn tí kò dúdú, gbogbo wọn ni pupa. Níbo ni ẹ̀yìn rẹ̀ wá wà? "Ìmọ́lẹ̀ ooru" kò ha ṣe tààrà jù bí?

*Láti Àjàṣẹ́:*

Àbúrò, bí pupa ṣe fẹ̀ tó náà ló dára: ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ní bíi máíkrómítà 0.7 sí 0.8, ni ojú ti parí iṣẹ́. "Ìmọ́lẹ̀ ooru" á ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí eruku 10 K kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni á pè ní ooru lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tàn. Ẹ jẹ́ kí a pa ooru mọ́ fún agbàmọ́lẹ̀ inú SPIRE, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìwòran Herschel, tó wà ní 0.3 K: "agbooru". Ìmọ́lẹ̀ á bà á, á gbóná díẹ̀, bó ṣe ń dènà iná mànàmáná á yí padà, ìyẹn ni à ń wọ̀n. Wọ́n hun tirẹ̀ ní oníhò bí òwú aláǹtakùn, kí ó fúyẹ́, kí ìtànṣán líle láti òfurufú sì lè gba ihò kọjá láìbà á. Bí Ṣábẹ̀ bá ní èyí tó sàn ju "agbooru" lọ, ẹ gbé e wá.