Wọ́n ti kó ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé kúrò lọ́gbà ìgbafẹ́: kí lojú tiyín rí?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ni mo gbé wá lónìí, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni inú ń bí. Gbogbo ohun tí tọmọdé tàgbà lè jọ gùn ni wọ́n ń hú kúrò báyìí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ adáyàjáni dípò rẹ̀. Èyí tó ń ju èèyàn sókè, tó ń dorí èèyàn kodò, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀làjú.

Nínú ọgbà tí àwa máa ń lọ ní Àbújá níbí (n ò ní dárúkọ wọn, kí wọ́n má lọ ní mo ba ọjà àwọn jẹ́), ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í sáré. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè máa bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò yí ọgbà po, yóò gba abẹ́ àpáta kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Wọ́n ya kìnnìún kan sára ògiri inú ibẹ̀, kìnnìún tí ojú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Bí a bá ti débẹ̀, awakọ̀ á tẹ fèrè, gbogbo ọmọ á ké, àwọn ìyá náà á bá wọn ké. Ìyá ọkọ mi á gbé Táyé lé itan, èmi á gbé Kẹ́hìndé, àkọ́bí mi á jókòó ti bàbá rẹ̀.

Ní ọdún Ìtunu Ààwẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi wá bá wa ṣọdún láti Ìlọrin. A débẹ̀, wọ́n ti hú irin ọ̀nà ọkọ̀ náà. Wọ́n ti da kọnkéré síbẹ̀, wọ́n gbé apá irin gígùn kan nàró, àga wà ní ìkángun rẹ̀. Á máa fì síwájú, á máa fì sẹ́yìn, títí yóò fi yí po pátápátá tí orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì mú igi kan dání tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Ó fi wọn Táyé, kò tó o. Ó kan Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé na ọrùn, ó gbé gìgísẹ̀ sókè nínú bàtà ọdún rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká pẹ̀lẹ́. Òun náà kò tó o. Ó wá wo ìyá ọkọ mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ ò lè gun èyí." Wọn ò tíì ní àwọn fẹ́ gùn ún o!

Àkọ́bí mi nìkan ló gùn. Àwa yòókù ń tọ́jú ẹrù: báàgì, bàtà, fóònù, ìborùn, gbogbo ohun tó lè bọ́. Owó tí òun nìkan fi gùn ún, gbogbo wa la máa ń fi gun ọkọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀, ṣéńjì á tún kù tí a ó fi ra gúgúrú. Kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù kò sí lórí owó. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ń padà sílé, gbogbo wa la máa ń jà lórí kìnnìún yẹn: ta ló kọ́kọ́ rí i, ta ló pariwo jù. Lọ́jọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìtàn. Ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe, àwa sì kàn ń dáhùn "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n" ni. Kò sí ẹni tó bá a débi tó dé.

Ẹ sọ tiyín o.

Kọ́pà, Nyanya

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ọdún. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà ro ẹjọ́ tèmi. N ò níyàwó, n ò bímọ. Kí wọ́n tó gbé irú ẹ̀rọ yìí dé, kí ni n bá lọ ṣe lọ́gbà? Ṣé kí n lọ jókòó lórí ẹṣin aláwọ̀ mèremère, kí orúnkún mi máa kan àgbọ̀n mi? Ní báyìí, bí aláwìí bá ti wọlé, ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń forí lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gùn ún rí, ẹ gbọ́. Irin tó ń di èèyàn mú á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á tẹ̀ ọ́ láyà, wàá gbọ́ "kọ̀". Ìfì àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni. Tó bá máa fi di ìkẹta, ìkẹrin, ara ti lọ sókè, ìfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá wá dé ṣóńṣó, á dúró díẹ̀, orí rẹ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ lókè. Mo rí àwọn òkè Àbújá lódìkodì. Arákùnrin tó jókòó tì mí ń ka Áyátúlì Kúrísíyù, èmi ń pe Jésù. Kó tó balẹ̀ a ti di ọ̀rẹ́, a sì jọ jẹ súyà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ yìí náà ń so èèyàn pọ̀, ẹ má fojú burúkú wò ó.

Ẹnjiníà, Lugbe

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni mò ń tún ṣe, ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya.

Ìyá Ìbejì, igi tí wọ́n fi wọn àwọn ìbejì kì í ṣe ìkà. Irin tó ń di àyà mú yẹn, ẹni tó ga dé ìwọ̀n kan ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tó bá kéré lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá dorí kodò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi nǹkan sí òun lọ́wọ́ kí òun fojú fo ọmọ yín, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Aláboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, ilẹ̀ ni ipò tiwọn.

Nípa ti híhú tí wọ́n ń hú ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò bàjẹ́ rárá. Ẹṣin tó ń yí po, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, a ó fi fáíbà lẹ̀ ẹ́, a ó kùn ún, ó ti tán. Ẹ̀rọ iná kan ló ń yí i. Bí iná bá lọ lójijì, ọmọkùnrin méjì á tì í títí ọmọ gbogbo á fi sọ̀ kalẹ̀. Ti ìgbàlódé ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Bí irin àyà ẹnì kan ṣoṣo kò bá wọlé dáadáa, kò ní gbéra, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iná tiwa yìí, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, lè jó bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, òkèèrè ni bọ́ọ̀dù mìíràn á sì ti wá, owó dọ́là. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e ṣáá. Ẹ̀yin náà mọ iye tí dísẹ́ẹ̀lì ti dà látìgbà tí ọwọ́n epo ti dé. Ibẹ̀ ni owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ń lọ.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n fi rà á? Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í dá wá, kì í dá sanwó, kì í fi fídíò síta. Kọ́pà á gùn ún, á sọ̀ kalẹ̀, á tún tò sẹ́yìn. Oníṣòwò tó bá mọ ìṣirò, kọ́pà ló máa bá ṣọ̀rẹ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú ohun tó ń rìn pẹ̀lẹ́ ni púpọ̀ nínú eré adáyàjáni yìí ti jáde. Ẹ wo roller coaster, ọkọ̀ tó ń gun òkè irin tó sì ń já wálẹ̀: èyí tí LaMarcus Thompson ṣí ní Coney Island, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1884, kò sáré ju bíi máìlì mẹ́fà ní wákàtí kan lọ. Títí dòní, ọ̀pọ̀ roller coaster kò ní ẹ́ńjìnnì nínú. Ṣéènì á fà á dé orí òkè àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí òkè tó tẹ̀ lé e kì í fi ga tó ti àkọ́kọ́. Ní Tivoli, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Copenhagen, ní Denmark, èyí tí wọ́n fi igi ṣe lọ́dún 1914 ṣì ń ṣiṣẹ́, èèyàn kan ṣì ń jókòó nínú rẹ̀ tó ń fọwọ́ fa bíréèkì. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ti àtijọ́ á rí i tọ́jú.

Tó bá jẹ́ ọgbà tí mo rò ni, ọkọ̀ ojú irin yín kò kú o. Wọ́n tà á fún ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan lọ́nà Mararaba. Èmi ni mo bá wọn fi táyà sí i lẹ́sẹ̀, a gbé ẹ́ńjìnnì Kẹ̀kẹ́ NAPEP sí i lórí. Fèrè rẹ̀ ṣì ń dún.

Bàbá Ọ̀ffà, Sábọ́ngàrí Kano

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Florida, ní Amẹ́ríkà, ó mú wa lọ sí Epcot, ọgbà ìgbafẹ́ iléeṣẹ́ Disney, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì ju jòjòló lọ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí ilé ńlá kan, ó ní Universe of Energy ló wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣí Epcot ní oṣù Kẹwàá 1982. Àga gbàràmù-gbaramu ló ń gbé ogunlọ́gọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, á máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn dáínósọ̀. Ó ń gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń wọn kó tó wọlé. Wọ́n tì í ní oṣù Kẹjọ 2017. Lọ́dún 2022, roller coaster kan tí wọ́n ń pè ní Cosmic Rewind ló ṣí níbẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn yọ jáde nínú òkùnkùn. Ọmọ tí kò bá ga tó ínṣì 42, ẹnu ọ̀nà ló mọ. Ọgbà kejì tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan náà, Magic Kingdom, ní ọkọ̀ ojú omi alájà-ń-jà kan, Liberty Belle, tó máa ń rọra gbé èèyàn yí erékùṣù po. Oṣù Keje 2025 ni wọ́n dá a dúró, wọ́n fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ohun tó ń sá.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́gbà wa jí. Ẹnì kan á dúró ti ọmọ, ẹnì kejì á lọ gùn ún. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó dúró á lọ gùn tirẹ̀ láìtún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi lọ, ó dé, ọmọ mi náà lọ. Kò ní dísẹ́ẹ̀lì nínú, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àǹtí Àgbà, Kàdúná

Ẹ̀yin ará Àbújá lówó. Níbí, nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọgbà Gamji ní etídò Kàdúná ni àwọn òbí wa ń kó wa lọ nígbà Iléyá, ìgbà tí èrò kì í jẹ́ kí èèyàn rí ilẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ju jáńgílófà àdúgbò lọ. Wẹ́ńdà kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa ló jó o, ọkọ̀ ojú omi méjì tí wọ́n fi irin so kọ́, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọdún bá ti dé, á gbé e síta, á máa fọwọ́ tì í. Irin rẹ̀ ń dún kìn-ín-kìn-ín, ẹ ó ti máa gbọ́ ọ látòkèèrè.

Mo máa ń dúró wo ọkùnrin yẹn. Kì í wo owó, kì í wo fóònù, ojú àwọn ọmọ ló ń wò. Ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín, á tì í le sí i. Bí ó bá rí èyí tó ti ń ká ẹnu kò, á di ọkọ̀ náà mú, á ní "Yá, yá, ó tó," á sọ ọ́ kalẹ̀, á sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa bá a lọ. Ẹnjiníà, kọ̀ǹpútà yín mọ bí bẹ́líìtì bá tú. Ṣé ó mọ bí ọmọ bá ń bẹ̀rù?

Ẹnjiníà, Lugbe

Àǹtí, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti mú mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìdí ọkọ̀ wẹ́ńdà yẹn, ibi tí irin ti ń ha irin. Kìn-ín-kìn-ín tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, ó fẹ́ gíríìsì, ó sì ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀tì ti máa tú.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù lálẹ́ àná, mo rò pé inú wọn á dùn pé mo gbè wọ́n. Wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́? Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin yẹn kò dùn mọ́ àwọn nígbà kankan, pákó rẹ̀ ń dun àwọn ní ìdí, torí Táyé ni àwọn ṣe ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní látọjọ́ táwọn ti ń bá wa lọ, ojú bumper car, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbá ara wọn yẹn, ni àwọn ń wò, kò sì sẹ́ni tó pe àwọn sí i. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àgbàlagbà lè wa bumper car?

Ẹnjiníà, Lugbe

Bí ọrùn àti ẹ̀yìn kò bá ń dùn wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ru, wọ́n lè wà á. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga dáadáa, kí wọ́n di sítíarì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí èrò tó pọ̀.

Kọ́pà, Nyanya

Ẹ jẹ́ kí Màmá dé. Èmi ni n ó wà nínú ọkọ̀ kejì. N ò ní gbá wọn le.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti gun Vespa ní Ìlọrin kí bàbá ẹ tó mọ màmá ẹ.